Aṣọ Tí Ìyá Rísì Ká

Ẹ̀yin ọmọ tí a bí sí Dublin, tí ẹ ń bi mí pé kí ni mo rí ní àjọ̀dún iṣẹ́ ọwọ́ yẹn tí mo fi dákẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo dé, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín. Ọwọ́ mi kì í yá mọ́ nídìí bírò. Ẹ má retí pé kí n tò ó bí ẹ ṣe ń to ìṣirò. Ibi tí ọkàn mi bá yà sí ni n ó gbà.

Ohùn kan ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Èmi àti Bàbá Ráṣídì, ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé ní Coolock, ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ gbọ̀ngàn ìlú kékeré kan tí ọkọ̀ ojú irin tó ń gba Clonsilla, àdúgbò wa, kọjá máa ń dé ni. Lọ́dọọdún ni àwọn ará ìlú náà máa ń fi odindi ọ̀sẹ̀ kan ṣe àjọ̀dún iṣẹ́ ọwọ́. Àwọn tó ń mọ ìkòkò wà níta lábẹ́ àgọ́, àwọn tó ń hun apẹ̀rẹ̀ jókòó ti ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn aṣọ sì wà nínú gbọ̀ngàn. Láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé kan ni ohùn náà ti wá: kò, kò, kò. Ó dúró díẹ̀. Kò, kò, kò.

Ohùn apasà ni mo pè é, igi pẹlẹbẹ tí obìnrin ahunṣọ fi ń gbá òwú mọ́ra nílé wa. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó máa ń dúró díẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó tó tún gbá a, Ìyá Rísì, ìyàwó mi. A sì ti sin ín.

Bàbá Ráṣídì di apá mi mú. "Tíṣà, kí ló dé? Ẹ ò rìn mọ́."

Mo ní kò sí nǹkan kan. Ó ká aṣọ ìkélé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó onírùngbọ̀n pupa kan ló jókòó nídìí òfì onígi ńlá, ó ń hun irun àgùntàn, ó sì ń dúró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti dáhùn ìbéèrè àwọn tó tò síwájú rẹ̀. Mo rí i pé òun ló ń gbá a.

Ohun tó tún bà mí lẹ́rù ni pé àwọn èèyàn tò láti wò ó. Nígbà tí mo wà ní kékeré, kò sí ojúlé kan ní agbo ilé wa tí ohùn yẹn kì í ti jáde, kò sì sẹ́ni tó ń yíjú wò. Òfì àwọn obìnrin kì í kúrò lójú kan, ara ògiri ni wọ́n máa ń gbé e tì. Obìnrin á jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, á na ẹsẹ̀, á máa bá ẹni tó wà ní yàrá kejì sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ní dúró. Ìyá mi hun kíjìpá, ìyá tó bí ìyá mi hun ún. Nígbà tí mo gbé Ìyá Rísì wálé, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé ògiri wo ni yóò jẹ́ tòun. Lónìí, kò sí òfì kan mọ́ ní agbo ilé náà. Wọ́n ti fi táìsì sí gbogbo ògiri. Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ ni kò jẹ́ kí n lè pẹ́.

Ẹ ò mọ kíjìpá. Aṣọ tó nípọn ni, tó máa ń wúwo lọ́wọ́ bí ọmọ tó ti sùn. Láti inú oko ni iṣẹ́ rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á kó òwú sórí òkúta, wọ́n á fi ọ̀pá irin yí i kí kóró rẹ̀ lè bọ́, wọ́n á gbọ̀n ọ́n, wọ́n á ran án. Àwọn mìíràn á lọ rẹ ẹ́ sínú aró, òórùn aró náà á sì gba gbogbo àdúgbò. Kí òwú tó dé orí òfì, wọ́n á tún tì í bọ inú ẹ̀kọ tó ṣàn, kí ó lè le, kí ó má baà máa já. Wọ́n á wá nà án sórí èèkàn nínú oòrùn.

Àwa ọmọdé ni wọ́n máa ń ní kó lé ewúrẹ́ kúrò nídìí rẹ̀. Ọdún kan, Iléyá ku díẹ̀, gbogbo obìnrin ló ń hun aṣọ oníbàárà, ohùn apasà kò jẹ́ kí a gbọ́ ara wa. Eré gbà wá lọ́kàn. Ewúrẹ́ Bàbá Onílé gbọ́ òórùn ẹ̀kọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ òwú ìyá mi láti ìpẹ̀kun kan. Nígbà tí a fi máa rí i, ó ti gbé púpọ̀ mì, ìyókù ń wọ́ tẹ̀lé e kárí agboolé bí ìrù.

"Ẹ má fà á o!" ni ìyá mi ń ké. "Bí ẹ bá fà á, á já!"

Bàbá Onílé jáde pẹ̀lú ṣòkòtò nìkan. "Ṣé ewúrẹ́ mi ò ní kú báyìí?"

"Kó kọ́kọ́ bi òwú mi jáde ná, kó tó kú!"

Gbogbo agbo ilé ń rẹ́rìn-ín, ìyá mi sì ń rìn tẹ̀lé ewúrẹ́ náà jẹ́jẹ́, ó di òwú mú, kò fà á, kò sì fi í sílẹ̀. Ẹ̀rín là ń rín nígbà náà. Ní báyìí tí mo ti dàgbà ju bí ìyá mi ṣe dàgbà lọ, ojú tó fi ń wo òwú yẹn ni mo rántí, ojú ẹni tí ẹ̀rù ń bà ni.

Ìyá Rísì hun aṣọ títí agbára rẹ̀ fi pin. Èyí tó hun kẹ́yìn, ó gé e kúrò lórí òfì, ó rán an pọ̀, ó ká a, ó sì fi í sí ìsàlẹ̀ àpótí mi. Ó ní, "Ẹ má tíì lò ó. Ó di ọjọ́ ọdún." Kò dé ọjọ́ ọdún. Ọjọ́ tó kú náà la sin ín, gẹ́gẹ́ bí àṣà àwa Mùsùlùmí. Lẹ́yìn fìdáù, àwọn ẹbí pín aṣọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Wọn ò mọ̀ pé ọ̀kan wà nínú àpótí mi. Nígbà tí Rísì ọmọ wa ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Clonsilla, aṣọ náà bá mi wá.

Mi ò ṣí i rí. Aṣọ tí Ìyá Rísì hun wà lára ọ̀pọ̀ èèyàn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe gbẹ̀yìn, tó sì ṣì wà gẹ́lẹ́ bó ṣe fi í sílẹ̀, kò ju kíká yẹn lọ. Tí mo bá ṣí i, kò sí bí mo ṣe lè dá a padà. Mo máa ń gbé ọwọ́ lé e nínú àpótí, màá sì pa ìdérí dé.

Lẹ́yìn òjò pípẹ́ kan, mo ṣí àpótí, mo rí kòkòrò kékeré aláwọ̀ fàdákà méjì tí wọ́n sáré wọ abẹ́ aṣọ náà. Etí rẹ̀ ti lu. Láti ìgbà náà ni mi ò ti ní ìsinmi. Tí mo bá ń jẹun, màá rò pé àwọn náà ń jẹun. Mi ò lè fi aṣọ náà sílẹ̀ fún wọn, mi ò sì lè ṣí i.

Rísì ló gbọ́ nípa àjọ̀dún yìí níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Damastown, pé àwọn tó mọ aṣọ àtijọ́ tún ṣe máa ń jókòó níbẹ̀. "Bàbá, ẹ gbé e lọ," ló wí. "Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á jẹ ẹ́ tán."

"Tí wọ́n bá ṣí i ńkọ́?"

Ó jókòó tì mí. "Bàbá, ẹ̀ẹ̀kan ni Mọ́mì ká a. Ọjọ́ mélòó ló fi hun ún?"

Mo di aṣọ náà sínú àpò. Rísì ní iṣẹ́ lọ́jọ́ àjọ̀dún náà, ni Bàbá Ráṣídì ṣe bá mi wọ ọkọ̀. Orí ẹsẹ̀ mi ni mo gbé àpò náà lé títí a fi dé.

Obìnrin tó ń tún aṣọ ṣe nínú gbọ̀ngàn náà ti dàgbà, ó gé irun funfun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó so awò ojú kọ́ ọrùn. Kò fa aṣọ náà gbà lọ́wọ́ mi. Ó fi ìka kan tọ́ etí rẹ̀ wò, ó tẹ orí ba, ó gbóòórùn rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì la jọ ń sọ.

"Kí ni ẹ fi sí i lára?" ló bi mí.

Mo ní ẹ̀kọ ni, mo sì ṣàlàyé pé àgbàdo la fi ń ṣe é, pé òun la máa ń mu láàárọ̀.

Ó rẹ́rìn-ín. "Àwọn náà ń jẹ oúnjẹ àárọ̀ wọn nìyẹn!" Ẹ̀rín náà kò pẹ́. "Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti wà nínú. A ní láti ṣí i."

"Rárá," ni mo wí. "Ẹ bá mi tún etí rẹ̀ ṣe. Ẹ má ṣí i."

Ó wò mí. "Ta ló ká a?"

"Ìyàwó mi."

Ó ní òun máa tún etí rẹ̀ ṣe lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, nítorí àwọn èèyàn ṣì wà lórí ìlà. Ó gba aṣọ náà bí ẹni gba ọmọ tuntun. "Màá fi í sínú press fún yín," ló wí, ó fọwọ́ kàn mí lápá. "Á wà grand."

Mo dúpẹ́, mo jáde. Bàbá Ráṣídì ń bá ọkùnrin kan tó ń fi igi gbẹ́ ṣíbí jiyàn.

"Tíṣà, ẹ wá wo ọmọrogùn òyìnbó! Mo ní kò lè ro fùfú, ó ní ó lè rò ó. Ẹ sọ fún un pé kò mọ fùfú."

"Ẹ fi ọlọ́ja sílẹ̀ o jàre."

A ra tíì, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan. Ó ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ rẹ̀, mo ń gbọ́ díẹ̀. Ẹnu mi ni ife tíì wà nígbà tí ọ̀rọ̀ obìnrin náà padà wá sí mi létí.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́ àwọn ọmọ níléèwé. Mo mọ ohun tí press jẹ́. Kí a gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé aṣọ ni, kí a lọ̀ ọ́ títí yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo sì mọ ohun tí grand jẹ́: ohun ńlá, ohun ọlọ́lá. Mo rántí pé ní ẹ̀gbẹ́ tábìlì rẹ̀ gan-an, obìnrin kan ń lọ àwọn ègé aṣọ, èéfín omi gbígbóná ń ru sókè. Kò sẹ́ni tó lè lọ aṣọ láìkọ́kọ́ ṣí i. Obìnrin yìí ti lọ ṣí aṣọ mi, ó fẹ́ wọ́n omi sí i, kí ó lọ̀ ọ́ títí tí ojú ìṣẹ́po kan kò fi ní kù lára rẹ̀, kí ó wá dá a padà fún mi ní ohun ọlọ́lá!

Mo dìde. Tíì dà sí mi lára, mi ò mọ̀ pé ó gbóná. Mo gba àárín àwọn oníkòkò kọjá, mo gba àárín àwọn ọmọdé tó ń fi amọ̀ ṣeré, orúnkún mi ń dùn mí, mo ń sáré. Ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn kún. Mo fi èjìká la àárín wọn, mi ò kí ẹnikẹ́ni.

Tábìlì obìnrin náà ṣófo. Wọ́n ti da aṣọ bò ó. Áyọ́ọ̀nù ń dún ṣìì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo bi onírùngbọ̀n pupa yẹn nídìí òfì pé aṣọ mi dà.

"Ó ti lọ jẹun," ló wí. "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, inú press ló wà. Ó ti tì í pa."

"Ẹ ṣí i! Ẹ yọ ọ́ jáde!"

"Ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Grand ló wà, sà."

Ọ̀rọ̀ yẹn kan náà! Gẹ̀ẹ́sì sá kúrò lórí mi. Yorùbá ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ sí ọmọkùnrin náà: ẹ gbà mí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lọ̀ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ ló ká a. Gbogbo ojú yí sí mi. Obìnrin tó ń lọ aṣọ gbé áyọ́ọ̀nù rẹ̀ dúró lókè.

Bàbá Ráṣídì dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Tíṣà! Ẹ̀ ń pariwo mọ́ ọmọ ọlọ́mọ! Kí ló ṣe yín?"

"Wọ́n ti fi aṣọ Ìyá Rísì sínú press! Wọ́n ń lọ̀ ọ́!"

Ó wò mí. Ó wo onírùngbọ̀n pupa. Ó wo kọ́bọ́ọ̀dù funfun kan tó wà lára ògiri. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti inú rẹ̀, ó ń gbé agbádá rẹ̀ mì.

"Kọ́bọ́ọ̀dù! Tíṣà, kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pè ní press ní ìlú yìí! Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ọ̀gá mi ní kí n kó àwo sínú press, mo ní ṣé àwo náà ni kí n lọ̀ ni!" Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Grand yẹn náà, kò jẹ́ nǹkan kan. Wọ́n kàn ń sọ pé kò séwu ni."

Ẹ̀rín rẹ̀ dúró nígbà tó rí i pé mi ò bá a rẹ́rìn-ín. Ó fa àga wá. "Ẹ jókòó. Ẹ jókòó ná."

Obìnrin náà padà dé, ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó bẹ̀ mí, ó sì ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Aṣọ náà wà bí mo ṣe fún un. Mo gbé e mọ́ àyà. Bí mo ṣe gbé e mọ́ àyà ni kòkòrò kan jáde láti àárín rẹ̀, ó sáré gba ọwọ́ ẹ̀wù mi kọjá. Òmíràn tẹ̀lé e.

Mo mọ̀ nígbà náà pé ẹ̀rù áyọ́ọ̀nù nìkan ló tán. Mo ní, "Bí a ó bá ṣí i, èmi ni n ó ṣí i." Mo ní kí Bàbá Ráṣídì bá mi di etí kejì mú. Ó ní, "Bísímílàhì." Mo fà á.

Òórùn aró jáde. Fún ìṣẹ́jú kan, mi ò lè gbé ojú sókè. Àwọn kòkòrò náà kò pọ̀, obìnrin náà fi búrọ́ọ̀ṣì gbá wọn sórí ìwé kan. Àárín aṣọ náà kò lu, etí nìkan ni wọ́n jẹ. Mo fẹ́ dúpẹ́. Àmọ́ ó gbé aṣọ náà sókè síwájú fèrèsé, ó ní kí n wá wò ó.

Níbi tí Ìyá Rísì ti ṣẹ́ ẹ po, ìmọ́lẹ̀ ń wọlé. Aró ti ṣí kúrò níbẹ̀, ìlà náà funfun, òwú rẹ̀ sì ti ń já lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kì í ṣe kòkòrò ló máa pa á," ni obìnrin náà wí jẹ́jẹ́. "Ìṣẹ́po yìí ni. Tí ẹ bá dá a padà sí ojú ibẹ̀, yóò gé." Ó mú ọ̀pá páálí gígùn kan tó ní ihò nínú jáde láti abẹ́ tábìlì. Ó ní kí a má ṣe fold rẹ̀ mọ́, kí a má ṣẹ́ ẹ po, pé kí a roll rẹ̀, kí a yí i mọ́ ọ̀pá yìí. "Àmọ́ tiyín ni. Ohun tí ẹ bá ní kí n ṣe ni màá ṣe."

Ohun tí mo ti ń ṣọ́ láti ọjọ́ yìí wá ló ń gé iṣẹ́ ọwọ́ Ìyá Rísì. Mo wo ọ̀pá náà. Bàbá Ráṣídì kò fẹ́ wò ó. Èmi àti òun mọ ohun tí à ń fi aṣọ yí bẹ́ẹ̀, tí àwọn ọkùnrin ń gbé sí èjìká jáde nílé. Obìnrin náà kò kán mi lójú. Ó jókòó, ó fi abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dí etí tó lu, ó ń gba abẹ́ òwú kan, ó ń gba orí èkejì. Ó dí i tán.

Bàbá Ráṣídì yíjú sí mi. "Kí ló ní kí ẹ ṣe gan-an? Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ yá jù fún mi."

Mo dá a lóhùn láìrò ó. "Ó ní kí n ká a."

"Ká a? Ṣebí kíká náà ló wà tẹ́lẹ̀?"

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Méjì ni obìnrin yẹn ní, fold àti roll, ó sì sọ pé ọ̀kan ń pa aṣọ, èkejì ń dá a sí. Nílé wa, méjèèjì náà là ń pè ní ká. Ohun tí Ìyá Rísì ṣe sí aṣọ yẹn, ó ká a ni. Ohun tí ó máa ń ṣe sí ẹní wa láràárọ̀, ó ń ká a ni.

"Bí ẹní," ni mo wí. "Ẹ bá mi dì í mú, kí n ká a bí ẹní."

Mo ká a fúnra mi. Ó pẹ́, nítorí mo ń dúró níbi ìlà funfun kọ̀ọ̀kan, mo ń fi àtàǹpàkò tẹ́ ẹ. Onírùngbọ̀n pupa ti dá òfì rẹ̀ dúró.

Nínú ọkọ̀, ọ̀pá náà ga jù mí lọ. Èmi di ìsàlẹ̀ mú, Bàbá Ráṣídì di òkè mú, kò sì ṣàwàdà kankan títí a fi sọ̀kalẹ̀. Rísì ṣílẹ̀kùn fún wa pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ó wo ọ̀pá náà, ó wo ojú mi. Ó gbé e lọ sídìí àpótí, àpótí kò gbà á. Ó gbé e dúró sí kọ̀rọ̀, ó fẹ́ ṣubú.

"Bàbá, ibo la máa gbé e sí?"

Mo ní kó gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì mi, pé ó fẹ̀ tó èèyàn méjì.